Ìkéde Ilé Ìkàwé Òfin, Ẹ̀pẹ́

Lọ́jọ́ Ajé ni mo lẹ ìkéde mọ́ pátákó:
ilé ìkàwé òfin yóò máa ṣí ní aago mẹ́jọ àárọ̀,
a ó máa tì í ní aago mẹ́wàá alẹ́
títí ìdánwò yóò fi parí.
Jẹnẹrétọ̀ ti dé láti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.
Ẹ má gbé oúnjẹ wọlé.
Ẹ má fi ìwé ìdájọ́ ṣe ìrọ̀rí.

Èmi Sùwébátù, ọdún kọkànlá mi rè é nídìí tábìlì yìí.
Mo mọ ìwé tó máa ń bu nígbà òjò,
mo mọ èyí tí ikán ti jẹ ẹ̀yìn rẹ̀,
mo mọ ọmọ tó ń fi ìwé pamọ́ sẹ́yìn ìwé
kí ẹgbẹ́ rẹ̀ má baà rí i kà.
Òfin ló ń kọ́; olè ló fi ń dánra wò.

Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ ọ̀sà a gba ojú fèrèsé wọlé,
a máa ṣí ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ṣí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni bàbá kan dé.
Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí.
Ìpẹ́ ẹja ń dán lẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀.
“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé níbí ni wọ́n ní òfin ń gbé?”
“Níbí ni, bàbá. Káàdì yín dà?”
Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sí mi,
okùn àwọ̀n ti kọlà sí i.
“Èyí ni mo ní.”

Ìlà kẹrin nínú òfin ilé ìkàwé, èmi náà ni mo tẹ̀ ẹ́:
ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tàbí olùkọ́ kò gbọdọ̀ wọlé.
Mo wo ìlà kẹrin. Ìlà kẹrin ò wojú mi.

Bàbá Múráínà lorúkọ rẹ̀.
Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn ti gbẹ́ ibi tí ẹja ń yé sí,
omi dúdú bí omi aró,
àwọ̀n mẹ́ta ya mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ kan.
Wọ́n wá gbé ìwé wá pé kó tẹ̀ka.
Kò tẹ̀ ẹ́. Ó ká a sínú fìlà,
ó fẹsẹ̀ rìn láti etí omi dé ọ̀dọ̀ wa.
“Àwọn ọmọ yín ń kọ́ òfin. Ẹ bá mi bi wọ́n,
ta ló ni ìsàlẹ̀ omi?”

Ìbéèrè náà bọ́ sáàárín yàrá bí òkúta bọ́ sódò.
Jẹnẹrétọ̀ gan-an dákẹ́
(epo ló tán, ṣùgbọ́n ó bọ́ sákòókò).
Adéṣùpò gbójú sókè. Ọmọ afìwépamọ́ yẹn!
Ó dìde, ó lọ sídìí pẹpẹ kẹta,
ó fa ìwé aláwọ̀ búlúù kan yọ lẹ́yìn ìwé atúmọ̀ èdè,
ìwé tí mo ti kọ sílẹ̀ láti oṣù Èrèlé pé ó sọnù.
Ó jókòó ti bàbá. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń tú u sí Yorùbá,
ó ń kọsẹ̀, ó ń padà sẹ́yìn,
títí ó fi kan ọ̀rọ̀ kan tí kò rórúkọ rẹ̀ pè:
“Ilẹ̀ kan ni... omi ń bò ó lójò, ó ń yọ lẹ́ẹ̀rùn...”
“Àkùrọ̀ nìyẹn,” ni bàbá wí. “Ṣé ẹ ò mọ àkùrọ̀ ni?”

Mi ò sọ pé òfin gbè é. Mi ò mọ̀.
Ohun tí mo rí ni pé ó wọ bàtà rẹ̀ padà,
ó ní òun á tún wá lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn Jímọ́ọ̀,
ó sì fi ẹja gbígbẹ mẹ́rin sílẹ̀ nínú ewé.
Mo tì í sábẹ́ tábìlì.
Pẹpẹ méjì tó sún mọ́ mi rùn ẹja mọ́jú.

Lónìí mo tún lẹ ìkéde mìíràn:
ìwé aláwọ̀ búlúù ti di rírí, a ò gba owó ìtanràn.
Mo fi bírò fa ìlà gba orí ìlà kẹrin,
mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀, n ò tíì bi ọ̀gá léèrè:
Lọ́jọ́ Ẹtì, láti aago mẹ́ta,
ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó wọlé.
Kó má wulẹ̀ bọ́ bàtà.