Àwòrán Kejì

Mí sínú, ìyá. Dì í mú.
Kò tíì ka ení, kò tíì ka èjì,
ikọ́ ti já okùn mọ́ ọn lọ́wọ́.
Àwòrán bàjẹ́, ó rí rúdurùdu
bí ẹni sáré kọjá lójú dígí.
Ẹ jẹ́ ká tún un yà.

Ṣágámù nìyí, oṣù Agẹmọ,
ọdún tí gbogbo wa ń fi aṣọ bo imú.
Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé
tí mo ti ń wo inú àyà ènìyàn
láìmọ ohun tó ń rò.

Sùlíátù Ọ̀nàfọwọ́kàn. Obì gbànja ló ń ṣà ní Sábó,
èyí tó dára sápá kan, oníkòkòrò sápá kan.
Ó ní òógùn òru ti ń rẹ òun láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn,
ìró ń tú nídìí òun bí ìró àyálò,
òun tutọ́, itọ́ pọ́n bí awẹ́ obì.
Ìyẹn kò lé e wá.
Ohun tó lé e wá ni àárọ̀ Ọjọ́bọ̀
tó ki imú bọ ewé gbòdògì tútù
tí kò gbọ́ òórùn kankan.
“Ewé tí mo fi ń di apẹ̀rẹ̀ láti ọmọge,
ó di bébà lọ́wọ́ mi.”

Ibà tẹ̀ lé e. Èémí kúrú.
Nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré há a níka,
ẹ̀rọ ní mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún.
Nọ́ọ̀sì ò sọ nǹkan, ó kàn fa àga sún mọ́ ọn.

Mo gbé àwòrán méjì sójú iná,
ti oṣù Ẹrẹ́nà àti tòní.
Níta, funfun la fi ń kí ire káàbọ̀.
Lọ́dọ̀ tiwa, dúdú ni àlàáfíà:
ibi tí afẹ́fẹ́ bá kún a dúdú bí kóró iṣin.
Ti Ẹrẹ́nà: ihò kan lókè, lápá ọ̀tún,
roboto, etí rẹ̀ nípọn,
bí ibi tí kòkòrò gbà wọ inú obì.
Ikọ́ ife ni wọ́n kọ sí i, oògùn oṣù mẹ́fà.
Ó lo oṣù méjì.
Ará ilé wá ń ya ife omi rẹ̀ sọ́tọ̀,
ló bá kó oògùn sábẹ́ ẹní.

Tòní: ihò náà ò kúrò níbẹ̀,
ṣùgbọ́n funfun ti gba ìsàlẹ̀ méjèèjì,
ó rọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó rọ̀ mọ́ tòsì,
kùrukùru àárọ̀ lórí odò Ìbú.
Dókítà Ṣóbándé ní, “Kòrónà ni, ẹ jẹ́ ká gbájú mọ́ ọn.”
Mo ní, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo òkè.
Àlejò dé, onílé ò tíì kó jáde.
Ó wò ó pẹ́.
Ó kọ orúkọ méjì sórí ìwé kan.

Oṣù Ọ̀pẹ, ó padà, ìró dúró nídìí rẹ̀.
Mí sínú, ìyá. Dì í mú.
Ó dì í mú
títí mo fi gbàgbé láti ní kó tú u sílẹ̀.

Kùrukùru ti ká. Ihò ti sún kì, ó gbẹ, ó ku àpá.
Ó ní kí n fi hàn òun, ó wò ó bí ẹni ń ṣà á.
“A kì í da irú èyí nù. A máa ń gé ibẹ̀ ni.”
Ó ní òun ó gbé e kọ́ fèrèsé ìsọ̀ òun,
kí àwọn tó ń ya ife rí ohun tí wọ́n ń sá fún.

Mo bi í léèrè ewé gbòdògì.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.
“Lánàá,” ó ní, “ó jọ pé mo gbọ́ ọ.”