Abọ́ Yẹ̀pẹ̀

Dúdúyẹmí, kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?
Mo bu yẹ̀pẹ̀ odò, o ní kò kúnná.
Mo ru lẹ́búlẹ́bú pákó bọ̀ láti Apákè,
o gbóòórùn rẹ̀, o sín,
o lọ tọ̀ sínú bàtà Alàgbà Oyèdòkun
tó bá ẹjọ́ ilẹ̀ wá.
Ìwọ tí ayé mọ̀ mọ́ bíbo àṣírí!

Lánàá, wọ́n mú iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ,
o fò sókè bí ẹni tí wọ́n ta lọ́fà.
Háà.

Mo gbé abọ́ lọ sẹ́yìn ìkòkò omi,
níbi tí èmi náà ń sá sí
bí ilé bá pariwo jù.

Ilẹ̀ mọ́: òkìtì kékeré kan,
a bò ó dáadáa.
N kò tú u wò.