Wúrà Tó Pọ́n Bí Omi Ìṣápá

Bàbá, mo gbé e dé.
Aṣọ ìnura ni mo fi wé e gba orí Afárá Kátà kọjá,
mo gbé e lé itan bí ẹni gbé ọmọ àṣẹ̀ṣẹ̀bí,
bẹ́ẹ̀ kò ju agolo sàdíìnì lọ.
Ní Yábàá, ọdún mẹ́ta la fi bá a wọ̀jà.
Ní Òkè Pópó, ẹ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré,
ẹ ní, "Àwẹ̀ró, ohun tí ìwé kọ́ yín náà nìyí?"

Wúrà ni, Bàbá.
Kì í ṣe irú èyí tí ẹ ń yọ́ nínú ìkòkò amọ̀
tí ẹ fi rọ yẹtí fún ìyàwó Alùfáà Sàká.
Ẹ fa irun orí kan tu,
ẹ là á sí ọ̀nà ẹgbàajì:
bí ọ̀kan nínú rẹ̀ ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni hóró tiwa tó.
Wúrà tó bá kéré tó yẹn a gbàgbé àwọ̀ tí a mọ̀ ọ́n mọ́,
kì í dán mọ́,
a pọ́n bí omi ìṣápá.

Ẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín lẹ́nu yín.
"Góòlù tó di ìṣápá!
Fún ọgọ́ta ọdún, òkúta dúdú àti ásíìdì
ni mo fi ń tú àṣírí ayédèrú nílé yìí.
Èmi ni mo máa ń dán wúrà wò.
Ọjọ́ wo ni wúrà bẹ̀rẹ̀ sí í dán èèyàn wò?"

N kò fèsì. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò,
bó ṣe wú kún sálúbàtà,
bí ojú ìka mi ṣe ń jìn síbẹ̀ tí kì í tètè kún.
Ìyá Múnírà ti sọ fún mi pé orí àga lẹ ń sùn báyìí,
pé bí ẹ bá dùbúlẹ̀, èémí a fẹ́ sá.

Ọwọ́ yín le. Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́.
Ní ìka tí iná ti jó láìmọye ìgbà
ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan yọjú, kò ju hóró wẹ́rẹ́njéjé lọ,
irú èyí tí ẹ fi ń wọn wúrà kí ẹ tó ra ìwọ̀n òyìnbó.
NẸ́PÀ ti mú iná lọ; bátìrì fóònù la lò.

Inú òkùnkùn ni mo ti ṣàlàyé, kí ọwọ́ mi lè ráàyè gbọ̀n:
ọkàn tó ti rẹ̀ a máa rìn bí ẹni tí àpò rẹ̀ lu,
kọ́bọ̀ a máa jábọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kò ní mọ̀.
Hóró wúrà wọ̀nyí, kọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ń ṣà.
Bí wọ́n bá rí i ṣà, wọn a ṣù jọ,
ìmọ́lẹ̀ tó ń gba àárín wọn kọjá a sì sún díẹ̀,
díẹ̀ báyìí,
bí ẹni tó sún lórí bẹ́ńṣì kí àlejò lè jókòó.
Osùn àlùkò a di aró agbe.
Bí àlejò ò bá wá, osùn á wà bí osùn.

A ń wò ó.
Ládàánì pe ìrun Iṣáì, ẹ ò dìde.
Ẹ ti awò iṣẹ́ yín bọ ojú ọ̀tún,
ẹ tẹ̀ mọ́ àpótí náà
bí ẹni tí wọ́n gbé ẹ̀gbà ọrùn olè wá bá.

Mo ti rí i ṣáájú yín.
Mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta mi parọ́.

Ẹ yọ awò lójú.
"Ó ti di aró," lẹ wí,
bí oníṣọ̀nà ti í yin oníṣọ̀nà.
Ẹ dákẹ́. Ẹ tún ní,
"Káràtì mélòó ló wá kù lára mi?"

Bàbá, kò mọ ìyẹn.
"Ó wà" àti "kò sí" nìkan ló gbọ́.
Mo fẹ́ sọ pé oògùn wà,
pé bílẹ̀ bá mọ́ a ó jọ lọ rí dókítà,
mo wá ń nu díńgí náà, mo fẹ́ da omi rẹ̀ sójú gọ́tà.

Ẹ dì mí lọ́wọ́ mú.
"Má dà á nù.
Ilé yìí, a kì í gbá eruku wúrà dànù."
Ẹ na ìgò kékeré yín sí mi, ti ẹ̀rún góòlù,
mo sì dà á sí i.