Ojú Kan Ló Kù

Ọdún tí wọ́n da ọ̀dà sí títì Òkèṣà
ni Tíṣà Fápohùndà ní kí àwa náà da ọ̀dà sára ògiri.
"Ìtàn Ìlẹ́ṣà ni kí ẹ kọ síbẹ̀," ló wí,
"ṣùgbọ́n n kò fẹ́ rí lẹ́tà kan."
Àwa mọ́kànlá, ọmọ kíláàsì iṣẹ́ ọnà,
a bọ́ bàtà, a to àga lé àga,
ògiri gùn lọ bí ẹjọ́ ìdílé.

Ládépò ya odi ìlú àti yàrà rẹ̀,
yàrà náà jìn débi pé
ajá ọlọ́dẹ ilé-ìwé máa ń gbó o.
Adétóún ya àwọn awagóòlù Ìtagúnmódì,
omi dé orúnkún, igbá lọ́wọ́.
Pupa ẹyin adìẹ la fi po góòlù wọn,
eṣinṣin sì bá wa wà á fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Èmi ni wọ́n fún ní àwọn òṣómàáló:
ọkùnrin mẹ́fà, obìnrin kan lẹ́yìn,
ìdì aṣọ lórí, eruku dé àyà.
Bàbá bàbá mi ló fi ìlóṣòó hàn mí kí n lè yà á,
arúgbó ọgọ́rin ọdún lóṣòó níwájú mi,
ó kọ̀, kò dìde,
àfìgbà tí mo san kọ́bọ̀ méjì.

Bàtà ló kó bá mi.
Mo fẹ́ kí bàtà wọn dán bí awọ gidi,
mo ń kùn ún, mo tún ń kùn ún,
títí ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ fi tán nínú agolo.
Ó ku ojú kan.
Ojú obìnrin ẹ̀yìn.
Tíṣà wo bàtà, ó wò mí, kò nà mí.
"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dé," ló wí, "ojú rẹ̀ ń bọ̀."
Owó ọ̀dà ò sí mọ́. Ìdánwò dé. A túká.

Ọ̀dà ni mò ń tà báyìí,
garawa lé garawa, ó kan àjà.
Ogójì ọdún ó lé,
obìnrin náà lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi,
kò sọ̀rọ̀, kò lẹ́nu tí yóò fi sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì mo gbé agolo kan àti búrọ́ọ̀ṣì,
mo tọ ògiri lọ.
Odi Ládépò ti ṣí, sìmẹ́ǹtì ti yọjú.
Pósítà olóṣèlú bo góòlù Adétóún mọ́lẹ̀
(Adétóún fúnra rẹ̀ ti lọ, ọdún kẹta rèé).
Mo fi èékánná họ ọ́ díẹ̀, ó sú mi.
Mo rìn dé ẹ̀yìn pátápátá.

Ó lójú.
Èédú ni wọ́n fi yà á, ojú lórí ojú,
imú mẹ́ta, yẹtí kan, gíláàsì ìwòjú,
ẹ̀rín tó wọ́ dé etí.
Mo bi ọmọ kan tó ń jẹ gúgúrú, "Ta ló ṣe èyí?"
"Kíláàsì wa ni. Bójò bá ti wẹ̀ ẹ́,
ìyá ẹni tó bá kàn là ń yà."
"Ta ló wá kàn?"
"Èmi ni, sà. Ṣùgbọ́n òjò ò tíì rọ̀."
Ó wo ẹsẹ̀ àwọn aláṣọ. "Bàtà yìí mà dán o."

Mo dé agolo mi padà.
Mo lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri,
ọmọ náà bu gúgúrú fún mi,
à ń wojú òjò.