Lẹ́tà Tó Ní Ìgbì Lórí

Òjò ti ń rọ̀ ní Chiloé láti ọjọ́ Ajé,
òjò tí kì í bínú, tí kì í sinmi.
Bàbá mi wọ kóòtù tó fi ń lọ sójú omi,
a wọkọ̀ lọ sí Castro, èmi pẹ̀lú ẹ̀.
Owó wà nínú ọ̀rá, ọ̀rá wà nínú àpò,
ọwọ́ bàbá ò kúrò lórí àpò láti ilé dé ìlú.
Owó ẹja oṣù mẹ́rin.
Yunifásítì kọ̀wé pé kí n mú kọ̀ǹpútà dání.
Wọn ò sọ irú èyí.

Ọmọbìnrin tó ń tà á, Ismenia ni wọ́n kọ sáyà ẹ̀,
tò wọ́n síwájú wa bí ẹja orí àtẹ.
Èyí yára. Èyí fẹ́lẹ́. Bátìrì tọ̀hún lè bá ọ ṣàìsùn.
"Ìrántí mélòó lẹ fẹ́ kó ní?"
Bàbá ní, "Èyí tó wà lórí mi gan-an ti pọ̀ jù."

Ó gbé ọ̀kan, ó fọwọ́ wọ̀n ọ́n wò,
ó dà á dojú bolẹ̀,
ó fìka kan ìdí ẹ̀, kó, kó,
bó ṣe ń kan ìdí ọkọ̀ ojú omi kó tó sanwó,
ó tẹ́tí bóyá igi ti jẹrà nínú.
Ojú tì mí. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi,
omi ń kán lára wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.
Ismenia ò rẹ́rìn-ín.
Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀.

Ọ̀kan wà tí owó ẹ̀ rọjú, Amẹ́ríkà ló ti wá,
fúyẹ́ bí ìyẹ́.
Tá a bá rà á, owó á ṣẹ́kù fún eku,
eku tí kì í jẹ ọ̀dùnkún,
àti ohun tí wọ́n ń kì bọ etí.
Mo ti ń rẹ́rìn-ín.
Bàbá ní, "Kọ orúkọ wa kí n rí i."

Mo wá Ñ títí.
N wà níbẹ̀, orí ẹ̀ gbalasa.
Ñancupel là ń jẹ́.
Ismenia ní, "Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí i:
ẹ tẹ èyí, ẹ tẹ tọ̀hún mọ́ ọn, á jáde."

Bàbá mi ò kàwé kọjá kíláàsì kejì.
Orúkọ yẹn nìkan ló lè kọ láìwo ibì kankan.
Lọ́dọọdún ló ń fi ọ̀dà funfun tún un kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀,
ìgbì orí ẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kùn
kó tó fa ẹsẹ̀ sí i nísàlẹ̀.
Ó ní, "Ọgbọ́n lèèyàn ó máa dá
kó tó lè jẹ́ orúkọ bàbá ẹ̀?"

A ra èyí tó wúwo.
Àlòkù ni, igun kan ti há,
ṣùgbọ́n Ñ jókòó ti L bí ọmọ onílé.
Eku ò bá wa délé.
Báàgì ẹ̀ wọ́n ju àpótí ẹja mẹ́ta;
bàbá wo ojú rírán ẹ̀, ó mi orí: "Omi á wọ̀ ọ́."
Lálẹ́ ọjọ́ náà ló gé kóòtù òjò ẹ̀ àtijọ́,
ó fi okùn àwọ̀n rán an ní ìlọ́po méjì.

Mo ti wà ní Valdivia báyìí. Òjò ibí náà ò gbẹ̀bẹ̀.
Báàgì mi ń rùn ẹja.
Rayén tá a jọ wà ní yàrá ní kí n máa fi kọ́ ojú fèrèsé.
Àwọn yòókù ń gbé tiwọn kiri abẹ́ igi;
èmi mọ gbogbo ojú iná tó wà lára ògiri ilé ìkàwé
bí bàbá ṣe mọ àpáta abẹ́ omi.

Ó pè mí lánàá.
"Ṣé omi wọ̀ ọ́?"
Mo ní rárá.
"Bátìrì ńkọ́?"
Mo wo wáyà tó so mí mọ́ ògiri.
Mo ní, "Ó ń gbìyànjú, Bàbá. Ó ń gbìyànjú gan-an."