Nọ́ńbà Wo Ni Kí N Kọ?

Nọ́ọ̀sì na ìwé sí mi nílé ìwòsàn Bodø:
láti òdo dé ẹ̀wá, ó ní, èló ni ìrora rẹ?
Mo wo òkun lójú fèrèsé.
Ṣé ti àárọ̀, tí mo bá jókòó sórí àpótí ẹja,
àbí ti òru, tí Eskil fọwọ́ kàn mí
tí mo díbọ́n pé mo ti sùn?
Mo kọ èje. Ẹni tó bá kọ ẹ̀wá, wọn a ní ariwo ló ń pa.

Ọdún mẹ́rìndínlógún rèé.
Nísàlẹ̀ ìdodo, láàárín egungun ìbàdí méjèèjì,
ibi tí a kì í dárúkọ níwájú bàbá ẹni,
nǹkan kan ń fà mí bí okùn àwọ̀n tó há sábẹ́ àpáta.
Mo ń so pańla kọ́ sórí igi kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́,
pańla tí ọkọ̀ yóò kó lọ sílẹ̀ tí kò mọ yìnyín,
mo sì ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀gá.
Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ni mo ń tu.

Dókítà kìíní ní nǹkan oṣù ni, kò sóbìnrin tí kì í ṣe.
Ìkejì ní kí n bímọ, á lọ.
Mo bí Tiril. Kò lọ.
Ìkẹta wo àwòrán inú mi, kò rí nǹkan kan,
ó wá wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni nǹkan kan náà.
Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀;
ṣùgbọ́n bàtà ṣeé bọ́.

Ìkẹrin ni Ánte, ọmọ Sámì.
Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi,
ó ní, "Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀," ó sì dákẹ́.
Kò sẹ́ni tó dákẹ́ fún mi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n dá ihò kékeré mẹ́ta sí mi níkùn, wọ́n yọjú wò ó:
awọ tó yẹ kó wà nínú ilé ọmọ
ti hù síta bíi koríko tó fo ọgbà,
ó ti lẹ ìfun mọ́ ara ilé ọmọ.
Wọ́n gé e kúrò. Mo rò pé ó tán.

Kò tán.

"Kì í ṣe okùn kan ló so ó," Ánte ní.
"Koríko wà níbẹ̀. Àpò ìtọ̀ rẹ náà ń bínú.
Iṣan tó gbé ìsàlẹ̀ rẹ ró ti di ẹ̀ṣẹ́ tipẹ́,
kò rántí bí a ṣe ń tú ọwọ́ ká mọ́.
Iṣan ìmọ̀lára wá dà bí ajá tí olè wọlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan:
ewé mì, ó gbó."
"Ṣé irọ́ ni ajá ń pa ni?"
"Rárá o. Ajá gidi ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ pé olè ti lọ."

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun mo ń lọ sọ́dọ̀ Borghild.
Ó máa ń tọrọ àyè kó tó fọwọ́ kan iṣan náà.
"Mí wálẹ̀," ó ní. "Mí dé ìdí àga."
Obìnrin ogójì ọdún, mo ń kọ́ èémí.
Oògùn kékeré kan wà fún ajá, lálẹ́;
ike omi gbígbóná; ìrìn etíkun, díẹ̀díẹ̀.
Mo sì sọ fún Eskil. Ó sunkún:
"Mo rò pé èmi ni o kò fẹ́."

Ìwé nọ́ọ̀sì tún dé. Mo kọ ẹ̀rin. Nígbà mìíràn, ẹ̀fà.
Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo gbàgbé láti kà á.

Lánàá, Tiril, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, di ikùn mú nídìí oúnjẹ.
Mo pa iná ìdáná.
Mo fa àga mi sún mọ́ tirẹ̀,
mo sì dákẹ́.