Mọ́kànlélógójì

Signe, lẹ́tà rẹ dé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Yìnyín ti bo àpótí lẹ́tà mi dé ọrùn.
Mo fi ìbọ̀wọ́ gbá a kúrò,
mo kà á lórí ìdúró, mi ò tíì wọlé.
“Tíṣà, mọ́kànlélógójì ni mo gbà.
Nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo rò pé wọ́n ṣi ìwé fún mi ni,
mo tún orúkọ wò. Orúkọ mi ni.”

Ìwọ tó gba ipò kìíní nínú ọmọ mẹ́tàdínlógún!
(Gbogbo kíláàsì yín náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.)
Bàbá rẹ, tó ti ń tu yìnyín lójú títì láti aago mẹ́ta òru
lọ́jọ́ tí mo fi lẹ́tà yunifásítì lé ọ lọ́wọ́,
sùn lọ lórí àga nínú gbọ̀ngàn wa,
ó ta gìrì, ó kígbe, “Ọmọ mi nìyẹn!”
kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ rẹ.

O ní ọ̀ọ́dúnrún ni yín nínú kíláàsì kan ṣoṣo,
pé ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, kò bá yín sọ,
ó ní kí ẹ ka orí mẹ́rin kó tó di ọjọ́ Ẹtì,
kò sì sọ èyí tó máa jáde.
Ọmọ Ṣìkágò tí ẹ jọ ń gbé yàrá
ti kọ́ gbogbo rẹ̀ tán níléèwé girama tiwọn,
ọwọ́ òsì ló fi ń ṣe é,
ọ̀tún ń jẹ gúgúrú.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́.
Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń fa ìlà pupa
sídìí ohun tí n ó béèrè lọ́jọ́ Ẹtì.
Ẹ há a sórí, ẹ bì í sílẹ̀,
mo fún yín ní márùndínlọ́gọ́rùn-ún,
kálukú gba ilé lọ tayọ̀tayọ̀.
Ìpínlẹ̀ ka máàkì wa, wọ́n ní à ń gòkè.
Ẹ̀rọ tó ń fa èéfín ní yàrá kẹ́místrì ti kú,
nítorí náà àwòrán ásíìdì ni mo fi hàn yín:
o mọ orúkọ rẹ̀, o ò gbóòórùn rẹ̀ rí.
Ọpọ́n ìwẹ̀ ni mo gbé ọ sí,
mo ní, “Ẹ wò ó bó ṣe ń lúwẹ̀ẹ́!”
Adágún Superior sì ń ru lẹ́yìnkùlé wa.

Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n sùn kì í ṣe ìyẹn.
O dúró nígbà kan lẹ́yìn tí aago lù,
báàgì léjìká, báàsì ń dúró dè ọ́,
o bi mí ìdí tí iyọ̀ tí bàbá rẹ ń dà sójú títì
kì í fi í yọ́ yìnyín mọ́
bí òtútù bá ti kọjá ibì kan.
Mo ń to ìwé.
Mo ní, “Kò sí nínú ìdánwò.”

Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà.
Ìdáhùn ni mo kọ́ ọ, Signe.

Mú mọ́kànlélógójì náà dání,
má ká a mọ́wọ́, má fi pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.
Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ní ọ́fíìsì, ó ní wákàtí tó fi ń gbàlejò.
Kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Bi í léèrè iyọ̀.

Lánàá, mi ò fa ìlà pupa kankan.
Wyatt Salmela nawọ́ sókè:
“Tíṣà, ṣé èyí máa jáde?”
Mo ní mi ò mọ̀.
Ẹ wo ojú! Bí ẹni pé mo jí owó oúnjẹ wọn.

O kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí n má sọ fún bàbá rẹ.
Ọkọ̀ rẹ̀ kọjá níwájú ilé mi láàárọ̀ yìí,
ó fọn fèrè, mo juwọ́ sí i.
Òtútù ti kọjá ibi tí iyọ̀ ń dé.
Ó ṣáà ń dà á.